Atlanta tàbí Toronto sí Ìkẹjà: wákàtí mélòó gan-an?

Ará Ṣàgámù, Atlanta: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní Atlanta sí Èkó jẹ́ 5,840. Bàálù ń sá 900 ní wákàtí kan. Tí a bá pín in, wákàtí 6 ààbọ̀ ni, àmọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ń pe 11. Báwo ló ṣe jẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, London: Máìlì ni 5,840 yẹn, kìlómítà sì ni 900. Ẹ fi 1.609 sọ máìlì náà di púpọ̀, á di bíi 9,400 kìlómítà. Ẹ wá fi 900 pín in: wákàtí 10 àti bíi ìṣẹ́jú 27. Ẹ fi ààbọ̀ wákàtí lé e, torí pé àtìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì ti ń ka àkókò, kì í sì í sá 900 nígbà tó bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Atẹ́gùn ló kù. Lókè lọ́hùn-ún, atẹ́gùn líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ìgbà òtútù ló sì le jù. Tí ẹ bá ń bọ̀ nílé, ẹ̀yìn ló ti ń tì yín. Tí ẹ bá ń padà, iwájú ló ti ń dènà, ẹ lè lò tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tiwa ní London kò rí bẹ́ẹ̀: àríwá sí gúúsù ni, bíi 5,000 kìlómítà, wákàtí 6 ààbọ̀ sí i tàbí dín ní àlọ, bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀.

Ará Ìpẹru, Toronto: Ẹ̀gbọ́n, tí èèyàn bá gba London kọjá ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, London: Tààrà láti Toronto sí Èkó, bíi 8,930 kìlómítà ni. Toronto sí London jẹ́ 5,700, ẹ fi 5,000 kún un: 10,700. Kìlómítà yẹn kọ́ ló ń dani láàmú o, ìdúró ni. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí owó pọ́ọ́kú. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gba ẹrù yín ní London kí ẹ tó tún fi sílẹ̀, ẹ sì lè nílò físà láti jáde lọ gbà á. Tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, èkejì kò ní dúró dè yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Houston: Ẹ ṣọ́ aago náà. Nàìjíríà kì í yí aago. Wákàtí 5 ni Èkó fi ṣíwájú Atlanta nígbà ooru, 6 nígbà òtútù. Tí ẹ bá gbéra ní 5 ìrọ̀lẹ́ nígbà ooru, tí ẹ balẹ̀ ní 9 àárọ̀ ọjọ́ kejì, 16 ni aago fi hàn. Ẹ yọ 5, ó ku 11. Nínú oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà máa ń yí aago ṣáájú London, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gba London kọjá ti ń sọ àkókò tí kò tọ̀nà fún dírẹ́bà tó ń bọ̀ wá gbé wọn.

Ará Ṣàgámù, Atlanta: Ojúde Ọba ni à ń bá lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, Houston: Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, òṣùpá ló sì ń pinnu Iléyá, ó lè yẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ balẹ̀ ṣáájú Iléyá fúnra rẹ̀. Kí ẹ sì wo kàlẹ́ńdà: tó bá jẹ́ Jímọ́ọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn máa ń dí ní agbègbè Redemption Camp, nítorí ìsìn òru ìjọ Rídíìmù. Ẹ gba Ìkòròdú yọ sí Ṣàgámù, tàbí Ẹ̀pẹ́ wọ Ìjẹ̀bú-Òde.