Obìnrin Júù tó ń fi wíìgì bo irun orí rẹ̀: ẹ bá mi dá sí i

Onírun_Tánkẹ̀
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Wíìgì ni mò ń ṣe ní Tánkẹ̀ níbí, nílùú Ìlọrin. Mò ń rán an, mò ń fọ̀ ọ́, mo sì ń pa á láró. Àwọn ọmọ Yunifásítì ló pọ̀ jù nínú àwọn oníbàárà mi.

Àbúrò mi obìnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń bá ìdílé Júù kan tọ́jú ọmọ ní Stamford Hill. Ó ní ìyá àwọn ọmọ náà kì í jáde láìdé wíìgì. Bí àlejò bá kanlẹ̀kùn, á kọ́kọ́ wá nǹkan dé sórí kó tó ṣílẹ̀kùn. Ó gbà kí àbúrò mi ya fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Irun èèyàn ni, wọ́n fọwọ́ gbìn ín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan níwájú orí, iṣẹ́ tó mọ́ gan-an. Àwọ̀ irun tirẹ̀ náà ni wọ́n bá a wá.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ rèé: bí ẹ̀sìn bá ní kí obìnrin bo irun rẹ̀, ṣé irun náà ni yóò tún fi bò ó? Mi ò fi bú wọn o. Obìnrin yìí ṣe àbúrò mi lóore nígbà tí ara màmá wa ò yá, mo fẹ́ kí n mọ irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́. Èkejì, nígbà tó gbọ́ iṣẹ́ tí mò ń ṣe, kò béèrè iye tí mò ń tà á. Ibi tí irun mi ti ń wá ló béèrè. Kí nìdí?

Hawáù_Pàkátà
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí. Lọ́dọ̀ tiwa, wíìgì gan-an ni ẹjọ́ náà. Hádíìsì wà tó kọ̀ fún obìnrin láti so irun mọ́ irun, òun ni àwọn àlùfáà fi ń bá wa wí. Aṣọ la fi ń borí. Èmi náà á fẹ́ gbọ́ èsì.

Ọmọ_Òmù_Àrán
Ṣé kì í ṣe 1 Kọ́ríńtì orí 11 ni? Pọ́ọ̀lù ló ní kí obìnrin máa borí.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà
Rárá, àbúrò mi. Júù kì í ka Májẹ̀mú Tuntun sí ìwé mímọ́. Ìwé Nọ́ńbà orí 5 ẹsẹ 18 ni wọ́n ń tọ́ka sí, níbi tí àlùfáà ti ń ṣí irun obìnrin tí ọkọ rẹ̀ fura sí. Àwọn àgbà wọn ní bí wọ́n bá ń ṣí i, a jẹ́ pé ó ti wà ní bíbò tẹ́lẹ̀.

Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́ pẹ́ ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin tó ti lọ́kọ ni òfin yìí dè, ọmọge kò borí. Irun tirẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ hàn síta, kò sẹ́ni tó ní kó má rẹwà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi gba wíìgì. Àmọ́ ẹnu wọn ò kò. Rábì Ovadia Yosef, tó fìgbà kan jẹ́ olórí rábì àwọn Sẹ̀fádì (àwọn Júù tí ìran wọn ti Sípéènì wá) ní Ísírẹ́lì, ní wíìgì kì í ṣe ìbòrí rárá, kí wọ́n wé gèlè. Rábì Menachem Schneerson, tó jẹ́ olórí ìjọ Júù tí wọ́n ń pè ní Lubavitch ní Brooklyn, nílùú New York, ní wíìgì ló dáa jù, torí gèlè yá bọ́ níwájú ẹni téèyàn ń tijú fún. Àwọn obìnrin kan nínú ìjọ Júù mìíràn, Satmar, tilẹ̀ ń fá orí pátápátá kí wọ́n tó bò ó.

Àìmọye obìnrin Júù ni kì í bo nǹkan kan, Júù ni wọ́n síbẹ̀. Obìnrin kan, Sally Priesand, tilẹ̀ di rábì ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1972. Ẹ má fi ti Stamford Hill díwọ̀n gbogbo wọn. Ó máa ń dùn mí bí àwọn ènìyàn wa bá ń sọ̀rọ̀ wọn bí ẹni pé láti inú Bíbélì ni wọ́n ti bọ́ sílẹ̀ lánàá.

Ní ti irun: ilé òrìṣà kan wà ní Tirumala, ní gúúsù Íńdíà. Àwọn olùjọsìn ń fá orí wọn níbẹ̀ fún òrìṣà, wọ́n á wá ta irun náà ní gbàǹjo. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2004, Rábì Yosef Shalom Elyashiv ní Jerúsálẹ́mù ní ìrúbọ ni irun yẹn, Júù ò gbọ́dọ̀ lò ó. Àwọn obìnrin kó wíìgì olówó ńlá jáde, wọ́n dáná sun wọ́n ní òpópónà Brooklyn. Ẹnì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ ní èyí tí wọ́n rà fún ìgbéyàwó ìyá òun bá a lọ. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń wá ìwé ẹ̀rí rábì lára wíìgì.

Onírun_Tánkẹ̀
Ẹ ṣé gan-an, mọ̀mí. Ó wá yé mi. “Irun Íńdíà” nìkan ni oníṣòwò tó ń kó o fún mi máa ń wí, kò mọ orí ẹni tó ti wá, èmi náà ò sì tíì bi ẹnikẹ́ni rí. Mo ti ní kí àbúrò mi sọ bẹ́ẹ̀ fún un gẹ́lẹ́, kó má dà bí ẹni pé mo fẹ́ fi tà á.

Ìbéèrè kan ṣì kù: ìyá tó sun wíìgì ìgbéyàwó rẹ̀, ta ló ra òmíràn fún un?

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀fà
Gèlè ló wé fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ dáwó ra òmíràn. Irun Yúróòpù ni, owó rẹ̀ sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.