Àlhájà fẹ́ jẹun kiri ní Charleston: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Àkànní (Charlotte):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìyá ọkọ mi dé láti Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ mi sì ti sanwó pé kí àwa mẹ́ta lọ jẹun kiri ní Charleston, ní South Carolina ní Amẹ́ríkà. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn, wákàtí méjì àbọ̀. Ẹnì kan tó mọ ìlú á máa mú wa láti ilé oúnjẹ kan bọ́ sí òmíràn, ká máa tọ́ oúnjẹ ibẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlhájà ni Màmá, orúnkún ń dùn wọ́n, mo sì gbọ́ pé kò sí ìkòkò tí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kì í wọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá ní ká má lọ, ọkọ mi á ní mi ò fẹ́ kí ìyá òun gbádùn. Bí mo bá sì dákẹ́, tí wọ́n lọ jẹ ohun tí wọn kì í jẹ ńkọ́? Ta ló ti lọ rí?

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ lẹ gbọ́. Collard greens, ẹ̀fọ́ ni lójú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín yan ni wọ́n fi ń sè é. Red rice, ẹ ó ní jọ̀lọ́ọ̀fù ni, àmọ́ ọ̀rá bacon, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ náà ni, ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Hoppin' John, ìrẹsì àti ẹ̀wà tiwa náà ni, ẹlẹ́dẹ̀ ló ń fún un ládùn. She-crab soup kò lẹ́ran, akàn ni, ṣùgbọ́n wọ́n ń ta ọtí sherry sí i! Èmi ò mọ̀ títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Bọ̀dá Rájí:
Ẹ má fòyà jù. Ẹ pe àwọn tó ń mú yín kiri ṣáájú, kì í ṣe àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n lè bá àwọn alásè sọ̀rọ̀. Edé àti grits dáa fún wọn bí wọn ò bá da bacon lé e; àgbàdo funfun ni grits, ó jọ ẹ̀kọ gbígbóná tó ki. Ọbẹ̀ ilá wà, ẹ ṣáà bi wọ́n ní ẹran tó wà nínú ẹ̀. Benne wafer, bisikíìtì yànmọtí ni, Màmá á tún bèèrè sí i. Àwọn ẹrú ló gbé yànmọtí dé ibẹ̀ láti Áfíríkà, benne tí wọ́n ń pè é gan-an, èdè Áfíríkà ni. Ẹ sì ra ẹ̀pà bíbọ̀ fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́ Charleston:
Orúnkún ni kẹ́ ẹ rò o. Chalmers Street, òkúta róbótó ni wọ́n tò sílẹ̀, ooru July sì burú. Ẹ gba ti òwúrọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí International African American Museum, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, ọdún 2023 ni wọ́n ṣí i, létí omi ní Gadsden's Wharf tí wọ́n ti ń já ẹrú sílẹ̀. Àwọn tó mọ ìrẹsì í gbìn láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wà lára wọn, ìrẹsì yẹn ló sọ ìlú yìí dolówó. Bí Màmá bá mọ èyí kí wọ́n tó tọ́ red rice wò, ẹnu wọn á yàtọ̀.

Kọ́lá ATL:
Ẹ kúkú dé Ọ̀yọ́túnjí, abúlé tí wọ́n ti ń ṣe ìṣẹ̀ṣe Yorùbá ní South Carolina níbí, kò ju bí wákàtí kan lọ síbẹ̀. Ọdún 1970 ni Ọba Adéfúnmi tẹ̀ ẹ́ dó.

Bọ̀dá Rájí:
Kọ́lá, Àlhájà lo fẹ́ mú lọ sáàfin òrìṣà? Ìwọ ni wọ́n máa bá jà, kì í ṣe ìyàwó.

Ìyàwó Àkànní:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pè wọ́n, wọ́n ní ilé oúnjẹ méjì nínú márùn-ún ni kò ní nǹkan kan fún Màmá, àwọn á wá ẹja fún wọn níbẹ̀. A ti yí i sí aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo bá sọ fún Màmá fúnra wọn. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ti di ata gígún sínú báàgì.