Wọ́n wó ṣọ́ọ̀bù wa, ìpàdé ẹgbẹ́ ti di ibi ẹkún

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ aláṣọ òkè kan n'Ìbàdàn. Látìgbà tí wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù wa torí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀, bí ẹnì kan bá ti dárúkọ ọjà àtijọ́ ní ìpàdé, ẹkún sọ nìyẹn. Àwọn ìyá kan ò rí oorun sùn mọ́. A ti pe pásítọ̀, a pe àfáà, a dáwó. Owó ran ọjà lọ́wọ́, kò ran ọkàn. Mo dábàá nọ́ọ̀sì tó mọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, ni wọ́n bá fìbínú dá mi lóhùn: "Ṣé Àró lo fẹ́ kó wa lọ ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ ìpàdé tí ẹnikẹ́ni ò fi rò pé wọ́n ń pe òun ní wèrè?