Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, sọ́fítíwíà kú: ìrírí àwa tó ń fi àwòrán ṣe ìwádìí

Láti Tánkẹ́, Ìlọrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. ParaView, sọ́fítíwíà tó ń sọ dátà di àwòrán, ni mò ń lò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo òmíràn náà yóò rí nǹkan mú nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Iṣẹ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo fẹ́ rí bí ilẹ̀ ṣe ga àti bó ṣe rẹlẹ̀, láti Òkè Sóbì títí dé etí odò Àsà, kí n lè gbé àwọn ibi tí a ti wọn ilẹ̀ lé e lórí. Dátà SRTM, tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe ga tó, ni mo mú, èyí tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Endeavour fi rédà wọ̀n ní oṣù kejì ọdún 2000. N08E004 ni orúkọ fáìlì tí Ìlọrin wà nínú rẹ̀. Àmì 3601 ló wà ní ìbú rẹ̀, 3601 ní òró, àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 13. Tí a bá sọ wọ́n di ilẹ̀ tó ní òkè àti kòtò, onígun mẹ́ta tí káàdì àwòrán yóò máa yà sún mọ́ mílíọ̀nù 26, ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá yí i díẹ̀.

Ó ń yí o. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dín Opacity kù, ìyẹn bí ojú ilẹ̀ ṣe dí tó, kí n lè rí ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ojú kọ̀ǹpútà á ṣú, á tún tàn padà, ParaView á sì ti lọ láìsọ ohunkóhun. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kí n fọ́máàtì rẹ̀. Mi ò gbà, nítorí gbogbo nǹkan yòókù lórí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Inú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ni mo gbà lọ, lábẹ́ System. Event 4101, tó ń sọ pé dráífà káàdì àwòrán (sọ́fítíwíà tó ń darí káàdì náà) dákẹ́, ó sì tún padà, ló wà níbẹ̀, aago rẹ̀ sì bá ìgbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣú mu. Láti ayé Vista ni Windows ti ń ṣọ́ káàdì àwòrán. Bí iṣẹ́ kan bá gba káàdì náà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ, Windows á gbà pé ó ti gan, á sì tún dráífà bẹ̀rẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà á padà wá, àmọ́ gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà ti kó sínú káàdì ti dànù, òun ni kì í lè dìde mọ́. Opacity ló sì ń fa ìjáfara yẹn. Ohun tí ojú lè là kọjá, ìpele ìpele ni káàdì ń yà á, ó lè yà á lọ́pọ̀ ìgbà kí àwòrán kan ṣoṣo tó jáde. Ẹ wá fi mílíọ̀nù 26 sí i.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Káàdì méjì ni láptọ́ọ̀pù mi ní, kékeré tó bá a wá nínú CPU, àti ńlá tí mo torí rẹ̀ náwó. Mo ṣí Help, mo tẹ About nínú ParaView, mo wo ìlà OpenGL Renderer, tó ń sọ ẹni tó ń ya àwòrán: kékeré ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́, ńlá jókòó. Mo lọ sí Graphics settings nínú Windows, mo fi ParaView kún un, mo yan High performance. Ìyẹn nìkan mú kí ó dúró dáadáa. Lẹ́yìn náà ni mo fi Extract Subset mú àmì kan nínú mẹ́rin ní ìbú àti ní òró, iṣẹ́ náà sì di ìdá kan nínú 16. Fáìlì kíkún di ti àwòrán ìkẹyìn nìkan. Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ TdrDelay, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá tí Windows ń fi dúró de káàdì, di 10 nínú registry, ibi tí Windows ń kó ètò rẹ̀ sí. Èmi náà ti ṣe é, ó wúlò, ṣùgbọ́n mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀, torí káàdì tó bá gan lóòótọ́ á kàn jẹ́ kí ẹ dúró pẹ́ sí i ni.

Láti Òmù-Àrán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Linux ni tèmi, nítorí náà mi ò lè rí 4101. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná ṣe ń rìn nínú ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ àgbàdo ni mò ń wò. Ó di àárọ̀ ọjọ́ kan, àwòrán tó ń yára tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Mo tẹ glxinfo -B, àṣẹ tó ń sọ ẹni tó ń ya àwòrán, ó ní llvmpipe ló ń yà á. Llvmpipe kì í ṣe káàdì rárá, CPU ló ń ṣe iṣẹ́ káàdì. Kernel tuntun, ìyẹn ọkàn Linux, ló bá ápúdéètì wọlé, dráífà kò sì tíì bá a mu. Dkms status, àṣẹ tó ń sọ bóyá a ti kọ́ dráífà fún kernel, fi í hàn kedere. Linux-headers ti kernel yẹn, àwọn fáìlì tí a fi ń kọ́ dráífà, ni kò sí. Mo fi í sí i, mo kọ́ dráífà náà fún kernel tuntun, mo tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kejì, káàdì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá tan Secure Boot, tó máa ń dènà dráífà tí kò ní àmì ìfọwọ́sí, ẹ yẹ ibẹ̀ wò pẹ̀lú.

Llvmpipe yìí náà ni mo fi ń mọ ibi tí ẹ̀bi wà báyìí. Bí nǹkan bá ti kú, mo máa ń fi paraview --mesa ṣí i, tàbí kí n kọ LIBGL_ALWAYS_SOFTWARE=1 (àti __GLX_VENDOR_LIBRARY_NAME=mesa bí dráífà bá jẹ́ ti NVIDIA) síwájú orúkọ sọ́fítíwíà mìíràn. Á lọ́ra, ẹ ṣáà fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fáìlì kan náà, ìgbésẹ̀ kan náà. Bí kò bá kú, ẹjọ́ di ti káàdì tàbí dráífà. Bó bá ṣì kú, ẹ má fọwọ́ kan dráífà, fáìlì ni kí ẹ yẹ̀ wò, tàbí RAM. Ó ń dun èèyàn láti rí ọmọ iléèwé tó ń fi owó dátà wa dráífà tó tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan MB sílẹ̀, tó sì jẹ́ pé fáìlì rẹ̀ ló bàjẹ́.

Láti Ọ̀fà

Ọ̀sán nìkan ni tèmi máa ń kú. Bó bá di alẹ́, ó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Ẹ mọ ooru oṣù kẹta. Mo wo ìwọ̀n ooru káàdì, ó ń sún mọ́ 90 kó tó lọ. Eruku ọyẹ́ ló dí fáànù rẹ̀ pa. A fẹ́ ẹ mọ́, a pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín káàdì àti irin rẹ̀, ó parí. Ẹ̀yin tí iná yín máa ń lọ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ fura sí iná yẹn náà.

Láti Ìgbàjà

Ẹ jọ̀wọ́, kọ̀ǹpútà tó wà ní iléèwé ni mò ń fi Remote Desktop wọ̀ láti ilé. ParaView ibẹ̀ ní OpenGL, èdè tí sọ́fítíwíà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, kò tó. Bí mo bá jókòó sídìí rẹ̀, ó ń ṣí. Ṣé dráífà ni?

Láti Tánkẹ́, Ìlọrin

Àbúrò, kì í ṣe dráífà. Wo ìlà Renderer láti ilé. Bó bá kọ GDI Generic, OpenGL 1.1 ti Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ParaView ń béèrè 3.2. Ṣí pvserver, apá ParaView tó ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, sórí kọ̀ǹpútà iléèwé nígbà tí o bá wà níbẹ̀, kí ParaView ilé wá bá a sọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀nà 11111, inú SSH, ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà méjì, ni kó gbà. Fáìlì á wà níbi tó wà, àwòrán nìkan ló máa wá bá ẹ. Ẹ̀dà méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ò ní gbà fún ara wọn.