Ta ló yẹ kó mọ iye ilé tó wà nílùú wa?

Olùkọ́ Ọmọ Òkun (ìbéèrè)

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, òkun o. Ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà nílẹ̀ Òkun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ̀wé. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń fẹsẹ̀ rin ìlú yìí já kí oúnjẹ tó jinná lórí iná, ṣùgbọ́n lónìí, ó ti gbòòrò débi pé àwọn àdúgbò kan wà tí èmi ọmọ ìlú kò dé rí. Àwọn tí ìbẹ̀rù ajínigbé lé kúrò lábà wá ń kọ́lé sẹ́yìn ìlú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́kọ́jà àti Àbújá náà sì ń kọ́lé sílé. Inú mi dùn sí èyí.

Ohun tó kó ìdààmú bá mi ni pé lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan mọlé sójú odò kékeré kan tí kì í ṣàn àfi nígbà òjò. Nígbà tí òjò ńlá rọ̀, omi tí kò rí ọ̀nà lọ yà wọ ilé ìyá arúgbó kan tó wà lókè rẹ̀. Mo bá a gbé àpò gààrì tó ti rin gbingbin jáde, mo sì rí i tó ń sá ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sórí okùn. A lọ fẹjọ́ sùn ní káńsù. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn bọ̀wọ̀ fún wa gan-an, ó sì mú bírò láti kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé òpópónà wo ni, ilé nọ́ńbà mélòó. À ń wo ara wa lójú. Òpópónà wa kò lórúkọ, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà lára ògiri mi ni èyí tí àwọn tó wá ka ènìyàn lọ́dún 2006 kọ síbẹ̀.

Kí ló yẹ ká ṣe kí káńsù lè kápá ìlú tó ń dàgbà? Ṣé owó ni wọn kò ní, ṣé òfin ni kò fún wọn láyè, àbí àwọn tó mọṣẹ́ ni kò sí níbẹ̀?

Ọ̀dọ́ Ìjùmú

Ẹ̀gbọ́n, owó ni o. Ó ti pẹ́ tí owó ìjọba ìbílẹ̀ ti ń gba inú àpò àjọni pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ kọjá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àti pé káńsù tí aráàlú kò dìbò yàn kò gbọdọ̀ gba owó náà. Bí ìdájọ́ yìí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyókù yóò yanjú.

Òṣìṣẹ́ Káńsù Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ọmọ mi, mo yọ̀ nígbà tí ìdájọ́ yẹn jáde, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé owó nìkan ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé, owó oṣù ni, títí kan ti àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì. Bí owó bá pọ̀ sí i lónìí, ta ni yóò mọ ibi tó yẹ kí gọ́tà kọ́kọ́ gbà?

Òfin kò dí wa lọ́wọ́ níbi tí Olùkọ́ ń bi yẹn. Nínú Àfikún Kẹrin òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti fún òpópónà lórúkọ, láti fi nọ́ńbà sára ilé, láti ṣe gọ́tà, láti kó ìdọ̀tí, láti bójú tó ọjà àti ibùdókọ̀, àti láti díyelé ilé kí onílé lè san owó tó tọ́ sí i. Ìwé òfin kan náà ló wà níwájú káńsù tó wà láàárín Èkó àti èyí tó wà ní Yàgbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti ọmọkùnrin kan fi ẹsẹ̀ rin wọ́ọ̀dù kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a sì kọ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀ sínú ìwé ńlá kan, ojúlé sí ojúlé. Owó tó wọlé lọ́dún yẹn dùn mọ́ ọ̀gá wa nínú. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n ṣí mi nípò lọ sí káńsù mìíràn, nítorí ìgbìmọ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ ló ń gbé àwa òṣìṣẹ́ àgbà káàkiri. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo bá ìwé náà nílẹ̀ yàrá ìkó-ǹkan-pamọ́ sí, ikán ti jẹ ẹ́ láti ẹ̀yìn wá sí àárín. Kò sí ẹni tí mo fi í lé lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó bi mí léèrè rẹ̀. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí káńsù wa ṣaláìní nìyẹn: àkọsílẹ̀ tó ń dúró, àti ẹni tó ń dúró tì í.

Awọnlẹ̀ Yàgbà

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ yín lórí ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìdí ọ̀rọ̀ odò yẹn wà. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìgboro sábẹ́ gómìnà, ó sì fi ilẹ̀ ìgbèríko sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ lọ́dún 2003 pé ọ̀rọ̀ ìlànà ìlú kíkọ́, ti ìpínlẹ̀ ni. Nítorí náà, bí ìlú bá ṣe ń di ìgboro sí i ni àṣẹ ń kúrò nítòsí tó ń lọ sí Lọ́kọ́jà, bẹ́ẹ̀ káńsù ni ẹni tí omi ya wọlé rẹ̀ ń lọ fẹjọ́ sùn.

Ní tiwa, ìdílé ló ń ta ilẹ̀. Wọ́n á pè mí, màá wọ̀n ọ́n, màá ya àwòrán rẹ̀. Olùrà á gba tirẹ̀, ẹ̀dà kan á sì lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà awọnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kì í dé káńsù. Ká ní olórí ìdílé kò ní fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ títí ẹ̀dà kan yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní káńsù, ẹnì kan ì bá ti rí i pé ojú omi ni ilẹ̀ yẹn wà kí wọ́n tó wa ìpìlẹ̀. Mi ò lòdì sí ìwé ńlá, ṣùgbọ́n kí a tún tò ó sórí máàpù. Ọ̀fẹ́ ni OpenStreetMap, máàpù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi nǹkan kún, fóònù sì tó láti mọ ibi tí ilé wà. Kí ẹ̀dà kan wà ní káńsù, kí òmíràn wà láàfin, kí ikán má baà jẹ méjèèjì pọ̀.

Ìyá Ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọhùn. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni a ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gbà á kò sì mọ iye ìsọ̀ tó wà. Àwa la mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjà ń ṣẹlẹ̀ lórí ààyè, a rìn káàkiri láàárọ̀ ọjọ́ kan, a ka gbogbo ìsọ̀, a sì fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Láti ìgbà náà, a mọ ẹni tó gbàlẹ̀ iwájú ìsọ̀ rẹ̀ àti ẹni tí kò gbá a. Bí káńsù bá wá béèrè, a ó fún wọn ní ìwé náà.

Olùkọ́ Ọmọ Òkun

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti bá baálẹ̀ àdúgbò wa sọ̀rọ̀, ó sì gbà kí àwọn olórí ìdílé jókòó lọ́jọ́ Sátidé. Àdúgbò kan ṣoṣo ni a ó kọ́kọ́ kà, a ó sì kọ lẹ́tà sí káńsù kí wọ́n yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò bá wa rìn, kó lè jẹ́ pé ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà yóò wà. Bàbá, báwo ni ẹ ṣe fa ìlà sínú ìwé yín nígbà náà?

Òṣìṣẹ́ Káńsù Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ìlà mẹ́rin ni, ọmọ mi: nọ́ńbà ilé, orúkọ onílé, iye yàrá, àti ohun tí wọ́n ń fi ilé ṣe, bóyá ìgbé ni tàbí ìtajà. Ẹ fa ìkarùn-ún tí èmi kò fà: ibi tí omi òjò ń gbà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé.