Mo ń pa á rẹ́, ó ń jí padà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí Facebook mi

Ẹni tó béèrè: Ẹ̀yin ará ilé, àsàláámù àléékùm. Bí ẹ bá dá mi mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe orúkọ mi nísàlẹ̀.

Táńkẹ̀ ni mò ń gbé. Ọ̀rọ̀ ìgbà Ó Tó Gẹ́ ni o, ìdìbò 2019. Ta ni kò kọ nǹkan nígbà náà ní Ìlọrin yìí? Èmi náà kọ tèmi nípa Àlájì kan. Ní báyìí, ọmọ Àlájì yìí ló fẹ́ fẹ́ àbúrò mi, nìkáà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ni ẹnì kan bá lọ hú u jáde. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ni mo fura sí. Láti ìgbà tí aṣọ ẹbí tirẹ̀ kò ti tó ni kò ti rẹ́rìn-ín sí mi mọ́, bẹ́ẹ̀ èmi kọ́ ni mo wọn aṣọ. Ìyá mi ti pariwo lé mi lórí. Mo ti pa àkáǹtì náà rẹ́ tí tí, kì í lọ. Ṣé kò sí òfin tó lè mú kí wọ́n gbàgbé mi ni?

Ìyá Àríkẹ́: Ẹ pẹ̀lẹ́, àǹtí. Ọmọ mi náà, wọ́n gbé fọ́tò rẹ̀ nínú péńpé agùnbánirọ̀ lọ bá ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá ní, "Èyí tí ọmọ tèmi wọ̀ tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó parí síbẹ̀.

Ọmọ Ọ̀fà: Ìwọ lo bú ọlọ́mọ, o wá ń bínú sí ìyàwó ilé.

Ẹni tó béèrè: Bùọ̀dá, ẹ̀yin náà bú èèyàn nígbà yẹn, mo rántí dáadáa.

Lọ́yà Kékeré: Òfin wà. Nàìjíríà ṣe òfin ààbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, ní 2023, ó fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n pa dátà òun rẹ́. Àjọ NDPC ló ń bójú tó o, ní Àbújá.

Alfa Gérí Alímì: Òfin òyìnbó lẹ lọ kó wá. Ẹjọ́ Google ní Yúróòpù ni gbogbo yín ń rò.

Lọ́yà Kékeré: Alfa, ti wa ni mo sọ. Àmọ́ ẹ gbọ́ tiwọn náà. Ará Sípéènì kan, Mario Costeja González, kò fẹ́ kí ìkéde gbèsè kan nínú ìwé ìròyìn 1998 máa jáde bí èèyàn bá wá orúkọ òun. Ilé ẹjọ́ Yúróòpù dá a láre ní 2014. Ìwé ìròyìn kò pa ojú ewé rẹ̀ rẹ́ o, Google nìkan ni wọ́n ní kó yọ ọ́ nínú àwárí. Gbogbo lọ́yà ló wá mọ gbèsè ọ̀hún báyìí.

Atúnfóònùṣe Post Office: Àǹtí, kí lẹ tẹ̀, deactivate tàbí delete?

Ẹni tó béèrè: Èyí tó ní kí n sinmi díẹ̀. Mo kàn ń wọlé lálẹ́ láti wò bóyá ó ti lọ.

Atúnfóònùṣe Post Office: Yéè! Wíwọlé yẹn ló ń jí i. Delete ló ń pa á, òun náà fún yín ní ọjọ́ 30 láti yí ọkàn padà, ó sì lè tó ọjọ́ 90 kí wọ́n tó nu gbogbo rẹ̀ tán.

Ẹni tó béèrè: Mi ò lè pa gbogbo rẹ̀. Orí ibẹ̀ làwọn tó ń ra aṣọ òfì lọ́wọ́ mi wà.

Atúnfóònùṣe Post Office: Ẹ wọ Activity Log nígbà náà, ibi tí Facebook to gbogbo ohun tí ẹ ti kọ sí, ẹ ṣa ti 2019, ẹ jù ú sí trash, kí ẹ sì pa á nínú trash gan-an. Ti ẹni tó ti ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́, ìyẹn kọjá agbára wa.

Lọ́yà Kékeré: Kí lẹ kọ gan-an?

Ẹni tó béèrè: Kì í ṣe èébú tó le. Mo ní wọ́n kó owó títì jẹ. Mo wá fi nọ́ńbà wọn sí i, kí aráàlú lè pè wọ́n béèrè.

Ọmọ Ọ̀fà: Háà!

Lọ́yà Kékeré: Nọ́ńbà? Àǹtí, ẹ̀tọ́ tí ẹ ń wá kiri yẹn, ti Àlájì ni. Ṣé ẹ ní ẹ̀rí owó títì náà?

Ìyá Àríkẹ́: Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà mú yín lọ bẹ̀ wọ́n. Bóyá wọ́n ti pààrọ̀ nọ́ńbà.

Ẹni tó béèrè: Wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n fi pe ìyá mi lánàá.

Atúnfóònùṣe Post Office: Ẹ lọ yọ ọ́ ná, kẹ́ ẹ tó tún dá ẹnikẹ́ni lóhùn níbí.