Ọ̀pọ̀lọ́ orí àpáta Ìdànrè, àti ìrírí àwọn mìíràn lórí òkè

Ẹ kú ìtàn o, ẹ̀yin ará tí ẹ ń sọ ìrírí yín nípa ẹranko orí òkè níbí. Ẹ ti sọ ti ọ̀bọ àti ti ejò orí òkè. Ti ọ̀pọ̀lọ́ ni èmi fẹ́ sọ, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán nínú mi.

Ọ̀pọ̀lọ́ kan wà lórí Òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí níbòmíràn láyé. Sclerophrys perreti ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Arne Schiøtz, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ló kọ́kọ́ kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1963. Lẹ́yìn 1970, ó dàwátì. Ó lé ní 40 ọdún tí kò sí onímọ̀ tó tún fojú kàn án, àfi ìgbà tó di 2013 tí àwọn olùwádìí láti Nàìjíríà àti Jámánì lọ, tí wọ́n sì bá a lórí àpáta rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà tí mo ka èyí. Ọ̀pọ̀lọ́ tó jẹ́ ti ilẹ̀ Yorùbá nìkan, èmi ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹranko kò sì gbọ́ ọ rí! Mo ní dandan ni kí n lọ wo bó ṣe ń gbé ayé rẹ̀.

Ẹni tó bá ti gun Ìdànrè mọ̀ pé àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600 kí èèyàn tó dé ìlú àtijọ́ lókè, níbi tí ààfin Ọwá wà. Ẹ wá fi ẹrù kún un: omi mímu, tọ́ọ̀ṣì tí a ń so mọ́ orí, rúlà, tẹmọ́mítà, ìwé tí òjò kò lè bà jẹ́. A tún gbé jíìkì dání, torí a gbọ́dọ̀ fi fọ bàtà wa ká tó gùn ún. Èbu kan wà tó ń mú awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ó ti run oríṣiríṣi wọn ní Australia àti ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti rí i ní Nàìjíríà náà, nínú igbó Òkòmù. Ẹrẹ̀ ìdí bàtà lásán lè gbé e.

Bàbá tó ń fọ̀nà hàn wá, ọmọ ọdẹ ni wọ́n. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ sí jù lórí òkè yìí?”

Wọ́n ní, “Má wulẹ̀ wá ọ̀pọ̀lọ́, ọmọ mi. Ibi tí àpáta ti ń sun omi lẹ́yìn òjò ni kí o wá.”

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Àpáta dúdú kan tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni, omi ń ṣàn lórí rẹ̀, omi tí kò lè bo èékánná. Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré, inú kòtò omi ló ń lúwẹ̀ẹ́. Ibo lọmọ ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè yìí fẹ́ rí omi lúwẹ̀ẹ́ sí? Ó lẹ̀ mọ́ àpáta, ikùn rẹ̀ wà nínú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níta, ó ń dán. Bí òjìji ọwọ́ mi bá kọjá lórí wọn, wọ́n á fi ìrù ta, wọ́n á sún díẹ̀, wọ́n á tún lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ títí orúnkún fi ń ro mí.

Mo wá tọ omi náà lọ sókè. Abẹ́ koríko kan ló ti ń wá, Afrotrilepis pilosa, tó hù lórí àpáta lásán bí ẹní tí wọ́n tẹ́. Gbòǹgbò rẹ̀ àti erùpẹ̀ tó kó jọ sábẹ́ rẹ̀ máa ń fa òjò mu, wọ́n á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí òjò bá ti dá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn koríko yìí á gbẹ, èèyàn á rò pé ó ti kú, àmọ́ tí òjò bá ti kàn án, ó di tútù padà. Ibi tí koríko bá ti gbòòrò lókè, omi ìsàlẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó gbẹ, ibẹ̀ ni mo sì ti ń rí àwọn ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ tó ti ń yọ ẹsẹ̀. Níbi tí iná ti jó koríko, kí oòrùn tó gun orí, àpáta á ti gbẹ táútáú.

Láti 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn ibi tí wọ́n dábàá fún UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí àṣà, kí wọ́n lè kà á sí ohun àjogúnbá gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ààfin àti àtẹ̀gùn ni gbogbo èèyàn ń mẹ́nu bà. Lójú tèmi, iná tí wọ́n ń dá sórí òkè nígbà ọyẹ́ láti fi lé ẹran ló yẹ ká kọ́kọ́ dá dúró. Ẹni tó bá sun koríko yẹn ti gba omi lẹ́nu ọ̀pọ̀lọ́ tí kò ní ilé mìíràn.

Ìdáhùn, láti Ìdànrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ìdànrè ni mí, ti àdán ni mo fẹ́ fi kún un. A ń ṣe ọdún àdán nílùú wa. Àwọn ọkùnrin máa ń wọ ihò àpáta lọ mú wọn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára wọn. Àpá eyín àdán wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn títí dòní. Rousettus aegyptiacus ni àdán inú ihò yẹn. Èso ló ń jẹ, àmọ́ nínú òkùnkùn ó ń fi ahọ́n pa tọ́-tọ́, ó sì ń fetí gba ìró tó bá ta padà lára ògiri. Mo ti dúró lẹ́nu ihò gbọ́ ọ.

Ní 2010 àti 2013, àwọn olùwádìí wá bá àwọn ará ìlú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ èèyàn àti ti àdán. Ó lé ní ìdajì àwọn àdán náà tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé kòkòrò àrùn tó bá ti dìgbòlugi tan ti kọjá lára wọn. Wọn kò rí irú rẹ̀ lára èèyàn kankan tí wọ́n yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nínú 203 tó ti fara kan àdán, mẹ́ta péré ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Ìyẹn dùn mí. Ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń wọ ihò: ìbọ̀wọ́ tó nípọn, ọṣẹ àti omi lójú ẹsẹ̀ tó bá bù wọ́n jẹ, kí wọ́n sì gba ilé ìwòsàn lọ.

Ìdáhùn, láti ọ̀dọ̀ àgùnbánirọ̀ Tàrábà nígbà kan

Èmi ti dé Gashaka-Gumti, igbó ńlá tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ẹranko, níbi tí Chappal Waddi wà, òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, 2,419 mítà. Ìwádìí ìnàkí chimpanzee tí onímọ̀ kan, Volker Sommer, dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí 2000 ni mo lọ wò. Àwọn ìnàkí náà ń sá féèyàn, nítorí náà ìgbẹ́ wọn ni àwọn olùwádìí ń ṣà, tí wọ́n á fi omi ṣàn án lórí asẹ́ láti mọ ohun tí wọ́n jẹ. Mo bá wọn ṣe é. Orí ìjàlọ ló kù sórí asẹ́, ó pọ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìnàkí ń tì bọ ihò ìjàlọ láti fi kó wọn jẹ, ó sì ń fi igi wá oyin pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ikán, tí òkìtì ọ̀gán rẹ̀ wà káàkiri igbó náà, wọn kì í jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ìnàkí ibòmíràn ní Áfíríkà ń wá a kiri.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ nínú igbó apá ibòmíràn ní Nàìjíríà, ṣé ẹ ti rí ìnàkí tó ń jẹ ikán? Tí ẹ bá ti rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibi tó jẹ́ àti oṣù tó jẹ́.